Ojú sánmà Washington: ohun tí mo rí ní Gravelly Point

Tí ẹ bá ń wọ bàálù lọ sí Reagan, pápákọ̀ òfuurufú tó wà létí Washington, ẹ gba ìjókòó ojú fèrèsé lápá òsì. Láti apá àríwá ni tiwa gbà wọlé, ó ń tẹ̀lé odò Potomac bọ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì bí odò ṣe ń wọ́. Orí White House jẹ́ èèwọ̀ fún bàálù, ìdí nìyẹn tí awakọ̀ kò fi gbọdọ̀ kúrò lórí odò. Mo rí ọwọ̀n gogoro Washington Monument kedere.

Lẹ́yìn ìkọlù àwọn apániláyà lọ́dún 2001, wọ́n ti Reagan pa títí di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti pẹ́ ní Maryland, ní fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, èrò ò gbọdọ̀ dìde lórí ìjókòó bó bá ku ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n balẹ̀. "Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ́, wàá mú un mọ́ra ni."

Ní Sátidé a lọ sí Gravelly Point, pápá etí odò tí kò jìnnà rárá síbi tí bàálù ń balẹ̀ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé drone rẹ̀ dání. Ìyá rẹ̀ pariwo: "Gbé e padà! Máìlì 15 yí pápákọ̀ yẹn ká, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fò ó láìgbàṣẹ ìjọba." Nígbà tí bàálù kọjá lórí wa, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé mo rí táyà rẹ̀ kedere, ariwo rẹ̀ sì wọ̀ mí láyà. Àwọn ọmọdé ń hó fún ayọ̀. Èmi ò lè hó.

Lórí odò yẹn kan náà ni bàálù tó ń bọ̀ láti Wichita àti hẹlikọ́pítà àwọn sójà ti forí sọra wọn ní alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025. Èèyàn 67 ló wà nínú méjèèjì, ẹnì kan ò yè é. Ọ̀nà hẹlikọ́pítà wà lórí odò náà nígbà yẹn, wọn ò sì gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ. Ṣùgbọ́n NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀, rí i pé bí bàálù bá ń balẹ̀ sí ojú ọ̀nà 33, ọ̀kan lára àwọn ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí ní Reagan, àlàfo àárín òun àti hẹlikọ́pítà tó pa òfin mọ́ lè má ju ẹsẹ̀ bàtà 75 lọ. Láti oṣù Kẹwàá 2021 sí oṣù Kejìlá 2024, ìgbà 15,214 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n sún mọ́ra jù.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n ṣọ́ orí ilé ààrẹ lójú méjèèjì, ibi tí èrò ń gbà wálé ni wọn ò ṣọ́. Oṣù Kẹta 2025 ni FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà hẹlikọ́pítà yẹn pa pátápátá. Bí hẹlikọ́pítà ọlọ́pàá, ti aláìsàn tàbí ti ààrẹ bá ní láti kọjá báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè tó tó sáàárín òun àti bàálù. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n má ṣe dẹ òfin yìí nítorí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ sójà.