Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Mo Ń Bú: Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Fẹ́ràn Ara Mi

Akólòlò ni mí. Láti kékeré ni. Tí ọ̀rọ̀ bá ti fi "b" tàbí "k" bẹ̀rẹ̀, á há sí mi lẹ́nu, ọrùn mi á le, ojú mi á pa dé, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì máa wò mí. Àwọn kan á bá mi parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ tù mí nínú a máa pa òwe pé, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Wọn ò ní ibi lọ́kàn sí mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi ń gbọ́ nígbà náà ni pé títí màá fi pe baba ọ̀hún, mi ò tíì tó èèyàn.

Nítorí àwọn kan ni mo ṣe ń kọ èyí: ẹni tó ń lọ sílé ìjọsìn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó ń gbàdúrà, tó ń gbààwẹ̀, tó gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run fẹ́ràn aráyé, àmọ́ tó jẹ́ pé bó bá ti ku òun nìkan, ẹ̀gàn ló kù lọ́kàn rẹ̀ fún ara rẹ̀. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi gbé ibẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè rí i ni pé mo ti wọ aṣọ ìwà-bí-Ọlọ́run fún un. Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí, màá yára dá a lóhùn pé èmi kọ́, mi ò já mọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ lọ̀ mí nínú ìjọ, màá ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi tí mo máa ń kọ àléébù ọjọ́ náà sí kí n tó sùn: ọ̀rọ̀ tí kò jáde, ẹni tí mo yà fún lójú ọ̀nà kí n má bàa kí i, fóònù tí mo jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Mo rò pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń ṣe. Ọdún tí mo wá yẹ ìwé náà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan níbẹ̀. Ara mi ni mo ń nà ní alaalẹ́.

Orin nìkan ló máa ń gbà mí sílẹ̀. Tí mo bá ń kọrin, ọ̀rọ̀ kì í há. Tí gbogbo ìjọ bá sì jọ ń ka Àdúrà Olúwa pọ̀, geere ni yóò máa jáde lẹ́nu mi, bí ẹni pé ẹnu ẹlòmíì ni. Ẹni tó bá jẹ́ akólòlò tó ń ka èyí mọ ohun tí mò ń wí. Ìyẹn gan-an tún ń dá kún ìbínú mi sí ara mi, torí mo rò pé bí mo bá lè kọrin, á jẹ́ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ sísọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, àwa mélòó kan ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́: "Olúwa, ṣàánú mi, èmi òpònú, èmi aláìwúlò, èmi tí mi ò lè sọ gbólóhùn kan dópin." Màmá àgbàlagbà kan tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ kan èjìká mi.

"Ọmọ mi, ta lò ń bú látìgbà yìí wá?"

Mo ní, "Ara mi ni, Mà."

"Ara ẹ kẹ̀? Ṣé ìwọ lo dá ara ẹ ni?"

Mi ò lè fèsì.

Wọ́n ní, "Ọmọ ọlọ́mọ lò ń bú yẹn o. Bàbá ẹ̀ sì wà níbí, Ó ń gbọ́."

Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ń bá àdúrà tiwọn lọ. Èmi ò lè parí tèmi. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, torí gbogbo wa la mọ ohun tó jẹ́ kí èèyàn dúró níwájú baba kan kó máa bú ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tó bú ọmọ ti bú baba. Láti ọdún wọ̀nyí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń bú Ọlọ́run, mo wá ń ṣe "Àmín" sí i.

Mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò ní sọ fún yín pé ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ tán. Ó yá mi lára fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì pẹ̀lú ojú mìíràn. Jẹ́nẹ́sísì orí 1, ẹsẹ 27, sọ pé ní àwòrán ara rẹ̀ ni Ọlọ́run dá ènìyàn. Ẹni bíni là á jọ, làwọn baba wa wí. Mo ti há ẹsẹ yẹn sórí láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àmọ́ kò wá sọ́kàn mi rí pé mo wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Mo lọ sọ́dọ̀ Mósè nítorí ẹnu wa jọra. Nínú Ẹ́kísódù orí 4, ó sọ fún Ọlọ́run pé òun kì í ṣe ẹni ọ̀rọ̀, pé ẹnu òun wúwo, ahọ́n òun náà wúwo. Ẹ wo èsì tí Ọlọ́run fún un. Kò sọ pé, "Rárá o, o mọ̀rọ̀ sọ." Kò ṣèlérí pé òun máa tú ahọ́n náà sílẹ̀. Ìbéèrè ló bi í: ta ló dá ẹnu ènìyàn? Lẹ́yìn náà Ó ní òun á wà pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Ẹnu kan náà. Ẹnu wúwo yẹn náà ni. Nígbà tí Mósè tún ń kọ̀, inú bí Ọlọ́run sí i, síbẹ̀ Ó fi Áárónì tì í lẹ́yìn, Ó sì rán an lọ bó ṣe wà. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run kọ́kọ́ tún mi ṣe ná, kí n tó lè fẹ́ràn ohun tí Ó dá!

Àmọ́ ẹni tó kọ́ mi jù ni Mẹfibóṣẹ́tì, èyí tí a kì í sábà gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Ọmọ Jónátánì ni, ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù ọba. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìròyìn ikú baba rẹ̀ dé, alágbàtọ́ rẹ̀ gbé e sá, ọmọ náà ṣubú, ó sì yarọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ là ló gbé e ṣubú. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí ọgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn náà kí Dáfídì tó ránṣẹ́ pè é láti Lódébárì níbi tó ń gbé. Ó wólẹ̀. Dáfídì ní kó má bẹ̀rù, pé nítorí Jónátánì baba rẹ̀, òun máa dá ilẹ̀ bàbá ńlá rẹ̀ padà fún un, yóò sì máa jẹun lórí tábìlì òun nígbà gbogbo. Kí ni Mẹfibóṣẹ́tì fi dáhùn? Ó ní kí ni òun jẹ́, tí ọba á fi máa wo òkú ajá bí òun. Òkú ajá! Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo gbé Bíbélì náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìwé pélébé mi ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé Dáfídì kò bá a jiyàn. Kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ó yíjú sí Síbà, ìránṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa ro oko Mẹfibóṣẹ́tì. Ó ti tẹ́ tábìlì. Ohun tí ọkùnrin náà rò nípa ara rẹ̀ kò yí ohun tí ọba ti pinnu padà, torí kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọba ṣe pè é. Nítorí ẹlòmíì ni, ẹni tí ọba bá dá májẹ̀mú.

Ẹ wá wo bí orí yẹn, 2 Sámúẹ́lì orí 9, ṣe parí. Ó ní Mẹfibóṣẹ́tì ń gbé Jerúsálẹ́mù, nítorí pé nígbà gbogbo ló ń jẹun lórí tábìlì ọba, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bó ṣe parí nìyẹn. Ẹsẹ̀ náà kò sàn. Arọ ni, orí tábìlì ọba ló sì wà. Mo sunkún lórí ẹsẹ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé Pọ́ọ̀lù kò wá kìlọ̀ fún Tímótì pé ní ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn ènìyàn yóò jẹ́ olùfẹ́ ti ara wọn? Ó kìlọ̀. Ẹ ka ohun tó tò tẹ̀ lé e: olùfẹ́ owó, afúnnu, agbéraga, aláìlọ́pẹ́. Ìmọtara-ẹni-nìkan ló ń bá wí, ẹni tó ń gba àyè gbogbo èèyàn mọ́ tirẹ̀. Jésù kan náà tó ní ká sẹ́ ara wa ló sọ pé ká fẹ́ràn ọmọnìkejì wa gẹ́gẹ́ bí ara wa, Léfítíkù 19:18 ló sì ti mú un.

"Gẹ́gẹ́ bí ara rẹ" yìí, ọmọ àbúrò mi ló jẹ́ kó yé mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó ń kàwé sí mi létí, ó ń fìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ó dé orí ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Ó tún un gbìyànjú, ó tún dúró. Kí n tó mọ̀, mo ti jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ọ̀rọ̀ kékeré yìí náà lo ò lè pè ni?" Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ojú ìwé náà, bí ẹni tó ń fi nǹkan ìtìjú pamọ́. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ mi ni. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi náà, mo mọ̀ ọ́n: òun ni mo fi ń bá ara mi sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ẹni tó ń fi pàṣán bá ara rẹ̀ gbé, pàṣán yẹn kì í pẹ́ kó tó ba ẹlòmíì. Òfin Olúwa yẹn kò ṣeé pa mọ́ ní ìdajì.

Bernard, ọ̀gá àwọn mọ́ńkì ní Clairvaux nílẹ̀ Faransé, tó kú ní 1153, kọ́ni pé ìpele mẹ́rin ni ìfẹ́ ní. Èèyàn á kọ́kọ́ fẹ́ràn ara rẹ̀ nítorí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà á fẹ́ràn Ọlọ́run nítorí oore tó ń rí gbà. Á wá fẹ́ràn Ọlọ́run nítorí pé Ọlọ́run ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ ìpele kẹrin wà lókè rẹ̀: kí èèyàn wá fẹ́ràn ara rẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Bernard kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè dé ibẹ̀ ní kíkún láyé yìí. Ìyẹn tù mí nínú, nítorí n kò tíì dé ibẹ̀.

Wọ́n máa ń ní kí èèyàn dúró níwájú dígí kó máa yin ara rẹ̀. Ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́. Kò ràn mí lọ́wọ́, torí ẹnu tó ń yìn mí náà ni ẹnu tó ń bú mi, mi ò sì gbà á gbọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé tí èébú bá ti fẹ́ jáde, màá bi ara mi pé ọmọ ta ni mo fẹ́ bú yìí. Màá sì ka Sáàmù 139 sókè, níbi tó ti ní tẹ̀rù-tẹ̀rù àti tìyanu-tìyanu ni a dá mi. Mo máa ń kólòlò lórí ẹsẹ yẹn. Mo ń kà á bẹ́ẹ̀.

Mo tún lọ bá ẹni tó ń tọ́jú àwọn akólòlò. Ó pẹ́ kí n tó lọ, torí mo rò pé àìnígbàgbọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Èlíjà jókòó sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Ó jẹ́ kó sùn, ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó tún jẹ́ kó sùn, ó tún fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rìn dé Hórébù, òkè Ọlọ́run. Tí ọ̀rọ̀ yín bá ti dé ibi tí Èlíjà dé, tí ẹ ń rò ó pé ó sàn kí ẹ kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ fún ẹnìkan lónìí, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ìtọ́jú ara ọmọ Ọlọ́run ni.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n ka ẹ̀kọ́ kejì nínú ìsìn. Tẹ́lẹ̀, mi ò bá ti wá àwáwí. Mo gbà. Róòmù orí 8 ni, ẹsẹ 12 sí 17. Mo ń kà á lọ títí mo fi dé ẹsẹ 15, níbi tó ti sọ pé a gba Ẹ̀mí ìsọdọmọ, nípa èyí tí a fi ń ké pé, Ábà. Ọ̀rọ̀ tó kàn há. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọrùn mi le. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, mi ò sì tẹrí ba. Mo di àga ìkàwé náà mú, mo mí, mo dúró dè é. Màmá yẹn wà ní ìlà iwájú, wọ́n ń wò mí, wọn ò bá mi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀. "Baba," ni mo wí. Mo sì ṣí ìka mi kúrò níbẹ̀, mo bọ́ sí ẹsẹ 16.