Ẹ̀yin àbúrò mi lọ́yà, ẹ wo ìwé kẹ́ ẹ tó fáìlì ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ajẹ́ńsì

Òkun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà lọ́dọ̀ wa níbí, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lókójà. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ẹjọ́ ilẹ̀ kúrò, èyí tó máa ń tètè wọlé ni ti àwọn ọmọ wa tí ajẹ́ńsì kó síṣẹ́ ní báńkì, ní sáìtì, ní ilé iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n wá dá dúró. Púpọ̀ nínú ẹjọ́ yìí ni kóòtù ń dà nù, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀ nísinsìnyí tó ṣì kù díẹ̀ kí orúkọ yín wà lára rẹ̀.

Ẹni náà á wọlé, á kó ẹ̀rí ẹ̀ sórí tébù: áìdíì kaádì tí orúkọ kọ́ńpìnì wà lára ẹ̀, fọ́tò tó yà nínú ofaróòlù tí wọ́n kọ orúkọ kọ́ńpìnì sẹ́yìn gàdàgbà. Ọdún mẹ́fà ló ti wà níbẹ̀, sùpábáísọ̀ kọ́ńpìnì ló ń pàṣẹ fún un, ọjọ́ kan ṣá ni wọ́n pè é lórí fóònù pé kó má wá mọ́. Inú á bí yín, ó sì yẹ kó bí yín. Àmọ́ ẹ ní kó ṣí fóònù ẹ̀ kẹ́ ẹ wo álàátì owó oṣù, orúkọ ta ló wà níbẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ńkọ́, ta ló fọwọ́ sí i? Tó bá jẹ́ ajẹ́ńsì lẹ rí ní méjèèjì tẹ́ ẹ wá lọ pe kọ́ńpìnì nìkan lẹ́jọ́, ẹ ti ń wá ewúrẹ́ lágbo àgùntàn nìyẹn.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Ní England, obìnrin kan ṣiṣẹ́ ní káńsù Greenwich fún ọdún mélòó kan láti ọwọ́ ajẹ́ńsì, ara ẹ̀ ò yá, ajẹ́ńsì fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, ló bá pe káńsù lẹ́jọ́. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sọ lọ́dún 2008 pé kò sí àdéhùn iṣẹ́ láàárín obìnrin náà àti káńsù, pé pípẹ́ tó pẹ́ níbẹ̀ nìkan ò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ wọn. Tiwa náà, Supreme Court ti sọ ọ́ lọ́dún 1990 nínú ẹjọ́ Morohunfola pé ẹni tó ní wọ́n lé òun lọ́nà àìtọ́, òun ló máa gbé àdéhùn iṣẹ́ ẹ̀ síwájú adájọ́, òun náà ló máa fi ibi tí wọ́n ti rú u hàn. Láìsí ìwé yẹn, omijé ò lè rọ́pò ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó kú lọ́dọ̀ kọ́ńpìnì lè ṣì máa mí lọ́dọ̀ ajẹ́ńsì, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, section 11, ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún 5 sókè ní nótíìsì oṣù kan, ẹni tó lo ọdún 2 sí 5 ọ̀sẹ̀ 2, ẹni tó ti kọjá oṣù 3 tí ò tíì pé ọdún 2 ọ̀sẹ̀ kan. Section 7 ní kí wọ́n kọ àdéhùn fún un kó tó pé oṣù 3. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń yọ 8% pẹ́ńṣàn nínú owó ẹ̀, ẹ ní kó gba stétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ PFA ẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn ẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá owó náà débẹ̀ àti bóyá ajẹ́ńsì fi 10% tiẹ̀ kún un. Owó nótíìsì tí wọn ò fún un àti pẹ́ńṣàn yìí kéré sí mílíọ̀nù tó ní lọ́kàn o, àmọ́ owó tó ṣeé gbà ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí ajẹ́ńsì ná, tí wọn ò bá dáhùn ẹ gba National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, lọ, ẹ má gbé e lọ High Court rárá.

Tẹ́ ẹ bá wo gbogbo ẹ̀ tí ò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè dì mú, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá àti àwọn àbúrò ẹ̀ ló máa ń dáwó fáìlì yẹn, nígbà míì wọ́n á ti ta iṣu tàbí gàrí sí i, kóòtù sì lè tún ní kó san ìnáwó àwọn tó pè lẹ́jọ́. Ẹ má gba owó yẹn.