Ìwé Ẹ̀rí Ló Gbé Joe Burrow Kúrò Lórí Bẹ́ńṣì

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń wa tírélà láti Columbus gba ojú ọ̀nà 33 lọ sí apá Athens, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ohio. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, bíi kéèyàn máa ti Iléṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ibi tí mo ti ń já ẹrù kò jìnnà sí The Plains, ìletò kékeré tí ilé ẹ̀kọ́ girama Athens wà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n ti fi orúkọ Joe Burrow, ọmọ iléèwé náà tẹ́lẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, sọ pápá bọ́ọ̀lù wọn. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà o! Lọ́dọ̀ tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di kéèyàn dolóògbé kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ títì.

Kí n má purọ́, ó pẹ́ kí n tó gba bọ́ọ̀lù tiwọn yìí. Ọmọ Shooting ni mí, Adámásingbà ni bàbá mi ti kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù. Èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí ṣóńṣó nídìí, tí àwọn géńdé ń torí rẹ̀ kan ara wọn bí àgbò, tí eré sì ń dúró ní gbogbo ìgbà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Àbíkẹ́yìn mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ló jókòó tì mí. Ó ní, "Dádì, ẹ má wo gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù fún ni kẹ́ ẹ máa wò. Quarterback nìyẹn. Kí àwọn tó ń sáré bọ̀ tó wó o mọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó máa jù ú sí." Ojú mi là. Awakọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ń wo dígí ọ̀tún, dígí òsì àti iwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

Kóòṣì ni bàbá Burrow, Ohio University tó wà nílùú Athens ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ní girama, touchdown 157 lọmọ náà jù, ìyẹn ìgbà tí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sí bá gbé e dé ìpẹ̀kun pápá àwọn alátakò, bíi góólù lọ́dọ̀ tiwa. Ní 2014 ó gbé iléèwé rẹ̀ dé àṣekágbá ìpínlẹ̀, wọ́n sì nà wọ́n ní 56 sí 52. Pápá yunifásítì Ohio State, níbí ní Columbus, ni wọ́n ti gbá a. Ohio State yẹn náà ló sì wọlé sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Bẹ́ńṣì ló bá níbẹ̀. J.T. Barrett ló wà níwájú rẹ̀. Ní 2017 tó yẹ kó máa sún mọ́ ọn, eegun ọwọ́ rẹ̀ dá. Nígbà tí Barrett lọ, Dwayne Haskins (Ọlọ́run dẹ́lẹ̀ fún un) ló gba ipò náà. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní Columbus, ìgbà 39 péré ló ju bọ́ọ̀lù, touchdown méjì.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Nígbà yẹn, àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì lófin kan: ẹni tó bá fi yunifásítì kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, yóò jókòó ọdún kan gbáko kó tó gbá. Àfi ẹni tó bá ti gboyè. Burrow sì ti gboyè! Ọdún mẹ́ta ló fi parí ẹ̀kọ́ nípa ìṣúnná owó ìdílé, lórí bẹ́ńṣì níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ó di ẹrù rẹ̀, ó gba yunifásítì LSU lọ ní Louisiana, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá lọ́dún náà. Àwọn ará ibí máa ń ròyìn apá rẹ̀, èmi ìwé ẹ̀rí yẹn ni mò ń rí.

Ọdún àkọ́kọ́ kò burú, kò sì le. Ṣùgbọ́n 2019! Kóòṣì ọ̀dọ́ kan, Joe Brady, ti New Orleans dé, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń gbá a padà. Ja'Marr Chase wà níbẹ̀, Justin Jefferson wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bó o bá ti ju bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run, wọ́n á lọ já a bí èso. Touchdown 60 ló jù lọ́dún yẹn. Wọ́n na Alabama mọ́lé ní 46 sí 41. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Oklahoma, touchdown méje ló jù kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìlàjì. Mo ń jẹ àmàlà lọ́wọ́, mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Louisiana bá sọ ọmọ àlejò di ọmọ onílé: nígbà tó fẹ́ gbá ìgbà ìkẹyìn nílé, ó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn jẹ́sì lọ́nà tiwọn, "Burreaux". Pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Lóṣù Kejìlá, wọ́n fún un ní Heisman, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ìṣẹ́ ń jà ní agbègbè tòun, pé nítorí àwọn ọmọ Athens tó ń dé láti iléèwé láìsí oúnjẹ gidi lórí tábìlì lòun ṣe dúró síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn dá owó tó ju 450,000 dọ́là fún ilé oúnjẹ àwọn aláìní níbẹ̀. Èmi tí mo ń já ẹrù lágbègbè yẹn mọ̀ pé kò fi epo kún un. Mo ti rí ìyá kan nídìí owó tó ń dá agolo ẹ̀wà padà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí iye rẹ̀ fi dé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní January 13, 2020, LSU na Clemson ní 42 sí 25, wọ́n gba ife àwọn yunifásítì láìfìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Lóṣù Kẹrin, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó ń ṣa ọmọ tuntun, òun ni Cincinnati mú ṣáájú gbogbo èèyàn, Ohio yìí náà ló tún padà sí.

Àbíkẹ́yìn mi ti wọ girama báyìí. Òun náà ń ṣe quarterback, ìkẹta nínú àwọn mẹ́ta. Lálẹ́ Jímọ̀ tó kọjá ó wọlé, jẹ́sì rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ̀ ọ́ láàárọ̀. Mo ní, "Iṣẹ́ àṣetiléwá Mátíìkì ńkọ́?"

Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe Burrow lálẹ́ yìí."