Kò tíì parí

Gbólóhùn kan ni mo gbé wálé lónìí, mi ò sì rí ibi gbé e kalẹ̀ sí.

Inú ọkọ̀ ni. Mò ń wo ọ̀kan nínú àwọn àwòrán Mòrókò tí Delacroix, ayàwòrán ará Faransé, fi pẹ́ńsù yà, lórí fóònù, bí mo ṣe máa ń ṣe tí ọkàn mi ò bá lélẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí yọjú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹni yìí ò tíì parí iṣẹ́ ẹ̀, àbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

Òkè ló wà nínú àwòrán náà, àti ilẹ̀ gbalasa. Lọ́dún 1832 ni Delacroix bá ikọ̀ ọba Faransé gun ẹṣin láti Tangier lọ bá Sultan, ọba Mòrókò, ní Meknes. Kò sáyè à ń kùn nǹkan lójú ọ̀nà. Á fa ìlà, á wá kọ orúkọ àwọ̀ sára rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju àwọ̀ gan-an lọ. Ká ní èmi ni, kí ni ǹ bá kọ sára òkè yẹn? Aró tó ti ń ṣí, bóyá.



Àmọ́ irọ́ wo lọmọ yẹn pa? Ó di 1845 kí àwòrán ńlá Sultan náà tó jáde. Ọdún 13! Kò padà sí Mòrókò mọ́, síbẹ̀ ó ń ya á títí tó fi kú ní 1863. Kò parí lóòótọ́.

Mi ò tiẹ̀ fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú. 1830 ni Faransé gba Algiers. Wọ́n rán ikọ̀ yẹn kí Sultan má baà gbè sẹ́yìn àwọn tó ń bá wọn jà níbẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni pẹ́ńsù náà tẹ̀ lé. Àwọn Mùsùlùmí ò sì fẹ́ kó ya àwọn. Ilé àwọn Júù ní Tangier ló ti ráyè jókòó. Bóyá ìdí nìyẹn tí òkè fi pọ̀ tó yẹn... àbí mo kàn ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ ni. Èèyàn kún inú àwọn ìwé rẹ̀ yòókù.

Ìwé tí èmi náà ń ya àwòrán sí ṣì wà lórí tábìlì, ní ojú ewé tó ti wà láti ọjọ́ yìí.

"Kò tíì parí iṣẹ́ ẹ̀, àbí?" Ọmọ tí kò mọ̀ mí rí!

Mo ṣí i. Mo kọ "àwọ̀ eérú" sára ògiri tí mo yà síbẹ̀. Mo tún pa á dé.