Orí Agbákò: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà ti 1938, là ń kà ní JSS 2. Bí mo bá ní kí wọ́n kà á sókè, wọ́n á kà á geerege. Kí n wá béèrè ohun tí wọ́n kà, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Ni mo bá pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, mo ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mọ orí Agbákò, ẹ̀dá abàmì tí ọdẹ inú ìwé náà bá pàdé nínú igbó, fún mi, kò sì gbọdọ̀ sí ohun kan lára rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé.

A fẹ́ fèrè (bàlúùnù), a ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, a ń fi sítáàṣì tí mo sè nílé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní ìpele mẹ́rin. Fèrè méjì bẹ́ kí a tó dé ìpele kejì.

Ọ̀sẹ̀ kejì. Òjò ò jẹ́ kó gbẹ. Eku sì ti bá wa pín nínú ẹ̀: orí mẹ́ta ló jẹ létí. Ẹ̀bi tèmi ni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo kó wọn sí, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni sítáàṣì. A lẹ̀ wọ́n padà, a fi okùn so wọ́n rọ̀ mọ́ igi àjà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó kan ojú, èyí tí mo ti ń retí. Ojú mẹ́rìndínlógún ni Fágúnwà fún Agbákò; ìdérí mínírà la fi ṣe é. Ọ̀wọ́ márùn-ún to tiwọn síwájú bí ojú èèyàn, gbogbo ẹ̀ há mọ́ra bí èrò inú dánfó. Ọ̀wọ́ kẹfà nìkan ló tò ó yí ìdí orí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ṣe é, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ṣí ìwé, ó fìka sórí ìlà náà. "Àǹtí, ẹ wò ó, ìdí orí ni wọ́n ní." Ẹ̀rín dá. Kò sẹ́ni tí ò máa ṣí ìwé tiẹ̀ wàràwàrà.

Ọmọkùnrin kan lẹ mẹ́rìnlá. Mo ní, méjì tó kù ńkọ́? Ó ní, "Wọ́n ń sùn, Àǹtí." Mo ní kó lọ jí wọn.

Ìgbà tí a so orí ọ̀wọ́ kẹfà rọ̀, tó ń yí bírí lórí okùn, ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn kíláàsì pé, "Kò síbi tí ọdẹ fẹ́ gbà yọ sí i tí kò ní í rí i." Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti kọ́ ibẹ̀ yẹn, èmi gan-an ò rò ó débẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin. A gbé orí náà lé ara onípáálí. Agolo mílíìkì tí a tẹ́ pẹrẹsẹ la fi ṣe fìlà irin. Ọ̀dà tí a kun ẹ̀wù idẹ, wọ́n ní wúrà ló jọ, a bá fi dúdú díẹ̀ pa á. Ṣòkòtò awọ ló kù. Ẹni tó ń rán bàtà lẹ́nu géètì ti ṣèlérí àjákù awọ fún wa, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa lọ gbà á.