Ẹja tí mo ní kó jù sílẹ̀

Láàárọ̀ yìí, omi òkun pọ́n bí omi amọ̀. Ọmọ mi sáré gbé ẹja kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ létí omi. "Ẹ wò ó, Mọ́mì, kò tíì kú!" Mo ní kó jù ú sílẹ̀ kíá. Ojú ẹ̀ fà ro.

Algae olóró, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-tín inú omi, ló sọ omi dà bẹ́ẹ̀. Iná kì í pa oró yìí, fíríìjì ò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ ẹja ló sábà ń pọ̀ sí jù. Ẹja tí ara ẹ̀ le nígbà tí wọ́n mú un, tí wọ́n da ìfun ẹ̀ nù, ẹran ara ẹ̀ sàn díẹ̀. Èyí tó ń kú lọ ńkọ́? Láéláé! Àwọn oníkarahun tó ń sẹ́ omi jẹun ló tiẹ̀ léwu jù.

Bí mo ṣe ń fọ ọwọ́ ẹ̀, ó bi mí bóyá ẹja yẹn máa yè. Mi ò lè parọ́ fún un.