Ta Ni Kí N Sọ "Ẹ Kú Ilé" Fún?

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Wọn ò tiẹ̀ kí mi tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: "Ṣé lóòótọ́ ni pé o máa padà lóṣù Karùn-ún? Ẹni tó ti dé Amẹ́ríkà! O ò wá ibì kan fara pamọ́ sí?"

Ètò Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí Amẹ́ríkà ti dá sílẹ̀ láti 1946, ló gbé mi wá sí Madison, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé. Níbí, Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì fún oṣù 9, èmi náà sì ń jókòó gba ẹ̀kọ́. Físà J-1 tí mo fi wọlé, ti àwọn tó wá fún pàṣípààrọ̀, ní òfin tirẹ̀: ó di ìgbà tí mo bá lo ọdún 2 nílé kí n tó lè béèrè ìwé ìgbélùú.

Ti iná, ti omi, ti owó oṣù tó ń falẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì mi nílé, 7 ni wọ́n níbí. Ìyẹn dùn, n ò ní purọ́.

Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí! Láti oṣù Kẹjọ, bàtà tí ẹni tó kọjú sí yàrá mi ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ni mo mọ̀, n ò mọ ojú ẹni tó ni bàtà. Nígbà tí adágún Mendota dì gbagidi, mo rí àwọn tó lu ihò sí i tí wọ́n ń pẹja, kálukú lórí àpótí tirẹ̀, wọ́n jìnnà síra wọn. Mo kí ọkùnrin kan. Ìka kan ló gbé sókè nínú ìbọ̀wọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọ́ wọn ní ìkíni: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ilé. Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Tíṣà, tí ẹ bá délé nírọ̀lẹ́, ta ni ẹ máa ń sọ 'ẹ kú ilé' fún?" Mo ní ká ṣí ojú ìwé tó kàn.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe nílé, ó ní owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ọmọ mi sì wà níbẹ̀. Kí ni màá tìtorí ẹ̀ di ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá lójú arúgbó? Mo ṣàlàyé títí, ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Wọ́n ní àwọn á tún pè lọ́la ká jọ rò ó dáadáa. Mo ní kí wọ́n pè o. Kí fóònù ṣáà ti dún.